Lẹ́tà kan nínú àkàrà agbada: bí àwọn tó ń sọ èdè Dọ́ọ̀ṣì ṣe ń tún àkọtọ́ wọn ṣe

Oúnjẹ kan wà tí àwọn ará Nẹ́dálándì fẹ́ràn púpọ̀. Wọn a po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin àti wàrà, wọn a dà á sínú agbada pẹlẹbẹ, wọn a sì dín in títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Àwọn tó gbọ́ Faransé láàárín wa yóò sọ pé «crêpe» ni, wọn kò sì jẹ̀bi púpọ̀. Ní èdè àwọn tó ni oúnjẹ náà, «pan» ni agbada, «koek» sì ni àkàrà aládùn. Àkàrà agbada ni orúkọ náà túmọ̀ sí.

Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé «pannekoek» ni kí wọ́n máa kọ. Nígbà tó di ọdún 1995, àwọn aláṣẹ èdè ní kí wọ́n fi lẹ́tà n kan kún un, kí ó di «pannenkoek». Bí ẹ bá ní kí ará Amsterdam pe ọ̀rọ̀ méjèèjì fún yín, ohùn kan náà ni etí yín yóò sábà gbọ́. N náà kò ba adùn àkàrà jẹ́, kò sì mú owó rẹ̀ gbówó lórí. Síbẹ̀ inú bí àwọn ènìyàn. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan búra pé àwọn kò ní kọ ọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ẹnu ọ̀nà, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn igba ọdún wà.

Àwọn ìyá wa ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lomé mọ Nẹ́dálándì dáadáa, bí wọn kò tilẹ̀ mọ èdè rẹ̀. Ibẹ̀ ni aṣọ tí a ń pè ní «wax hollandais» ti ń wá. Láti ọdún 1846 ni ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond. Èdè Dọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní «néerlandais». Ṣùgbọ́n Nẹ́dálándì nìkan kọ́ ló ni ín. Àwọn ará Flándà, tí wọ́n wà ní apá àríwá Bẹ́líjíọ̀mù, ń sọ ọ́. Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà fi ṣe èdè ìjọba. Àwọn tó gbọ́ ọ láti inú ìyá wọn lé ní 20 mílíọ̀nù. Èdè kan, orílẹ̀-èdè tó ju ẹyọ kan lọ: àwa tí a ní ẹbí ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ àti ní Atakpamé kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún wa.

Ní ìgbà láéláé, èdè Dọ́ọ̀ṣì kò ní àkọtọ́ kan, èyíinì ni ọ̀nà kan tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí láti máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí akọ̀wé ìlú kan bá ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ ọ́. Ohùn a gígùn, àwọn kan ń kọ ọ́ ní «ae», àwọn kan ń kọ ọ́ ní «aa». Ẹni kan náà lè kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀nà méjì lójú ìwé kan, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Ohùn kan tún wà tí wọ́n ń fi i àti j kọ pa pọ̀, «ij». Lẹ́tà méjì ni lójú, ṣùgbọ́n ohùn kan ni, gẹ́gẹ́ bí gb ti rí nínú èdè tiwa. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí ó sì gba lẹ́tà ńlá, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ di ńlá: «IJsland» ni wọ́n ń kọ fún orílẹ̀-èdè tí Faransé ń pè ní «Islande». Bí ẹ bá rí i, ẹ má rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe àṣìṣe.

Ohun tó kọ́kọ́ sún ìkọ̀wé wọn mọ́ ara ni Bíbélì. Ìpàdé àwọn ìjọ ní ìlú Dordrecht ní ọdún 1618 sí 1619 pinnu pé kí wọ́n tú u láti inú èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìjọba fọwọ́ sí i, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1637. Àwọn atúmọ̀ náà wá láti agbègbè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì di dandan fún wọn láti fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ àti lórí bí wọn yóò ṣe kọ ọ́. Ìdílé tí kò ní ìwé mìíràn ní èyí. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa kọ̀wé bíi ti Bíbélì, ṣùgbọ́n ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọwọ́ a máa tẹ̀lé e.

Òfin gan-an dé ní ọdún 1804. Ìjọba ìgbà náà fẹ́ kí ilé-ìwé gbogbo máa kọ́ ọmọ ní ohun kan náà, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Matthijs Siegenbeek, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Leiden. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára létí: kọ ọ́ bí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi àwọn ẹrù kan lé e lórí. Láti rẹ́rìn-ín ni «lachen» lónìí. Siegenbeek ní kí wọ́n kọ ọ́ ní «lagchen», pẹ̀lú g àti ch tẹ̀lé ara wọn fún ohùn kan ṣoṣo. Willem Bilderdijk, akéwì tó lókìkí jù lọ nígbà náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ṣe àkọtọ́ tirẹ̀, ó sì ń fi kọ ewì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe tí kò rí ẹni tó kọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìṣèlú wọ̀ ọ́. Láti ọdún 1815, ọba kan náà ló ń jẹ lórí Nẹ́dálándì àti Bẹ́líjíọ̀mù. Ní ọdún 1830, Bẹ́líjíọ̀mù ṣọ̀tẹ̀, ó sì dá dúró. Faransé ni àwọn tó gba ìjọba ń sọ. Òun ni èdè ọ́fíìsì, òun ni èdè ilé ẹjọ́, òun ni èdè ilé-ìwé gíga. Nínú ilé, lóko àti lọ́jà ni èdè àwọn ará Flándà kù sí. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju bí ó ti yé ẹlòmíràn lọ.

Àwọn ará Flándà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín ara wọn: báwo ni kí àwọn máa kọ èdè àwọn? Àwọn kan ní ẹni tó bá kọ ọ́ bí ará Nẹ́dálándì, ọ̀tá ni ó ń tẹ̀lé, nítorí ìjọba àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Pùròtẹ́sítáǹtì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, Kátólíìkì sì ni àwọn ará Flándà. Àwọn mìíràn, tí Jan Frans Willems jẹ́ aṣáájú wọn, rí ewu ní apá kejì. Lójú tiwọn, bí Flándà bá dá àkọtọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èdè rẹ̀ yóò di èdè abúlé, Faransé yóò sì gbé e mì. Bí ó bá so ọwọ́ pọ̀ mọ́ Nẹ́dálándì, èdè tó ní ìwé, tó ní yunifásítì, ni yóò jẹ́. Ìjà náà gba ọdún mélòó kan. Ní ọdún 1844, àṣẹ ọba fi ìdí àkọtọ́ ìgbìmọ̀ Willems múlẹ̀, èyí tó sún mọ́ ti Siegenbeek gan-an. Ní tèmi, nínú gbogbo ìpinnu tó wà nínú ìtàn yìí, èyí ni ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ jù lọ. Síbẹ̀ wọ́n dúró títí di ọdún 1898 kí òfin Bẹ́líjíọ̀mù tó sọ pé èdè wọn bá Faransé dọ́gba, àti títí di ọdún 1930 kí yunifásítì Ghent tó máa fi èdè Dọ́ọ̀ṣì kọ́ni nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ìlú Ghent yìí kan náà, ní ọdún 1849, àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe ìpàdé, wọ́n sì pinnu láti ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan tí yóò kó gbogbo ọ̀rọ̀ Dọ́ọ̀ṣì jọ. Matthias de Vries ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, L. A. te Winkel sì di igbákejì rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọsẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè ń to ọ̀rọ̀ ní ètò a, b, d. Bí a kò bá tíì mọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ kan ní, ibo ni a óò tò ó sí? Nítorí náà wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣe àkọtọ́. Ó jáde ní ọdún 1863. Bẹ́líjíọ̀mù gbà á ní ọdún 1864; ìjọba Nẹ́dálándì, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, kò fi sínú ọ́fíìsì rẹ̀ títí di ọdún 1883.

Òfin wọn kan wà tí ó wù mí láti ṣàlàyé dáadáa, nítorí pé ó fi hàn pé kì í ṣe etí nìkan ni a fi ń kọ̀wé. Ajá ni «hond». Bí wọ́n bá pè é, t ni etí ń gbọ́ ní ìparí, bí ẹni pé «hont» ni. Ṣùgbọ́n bí ajá bá di púpọ̀, «honden», d ń jáde kedere. De Vries àti te Winkel ní: kí ọ̀rọ̀ máa jọ ara rẹ̀ níbi gbogbo, níwọ̀n bí d ti wà nínú púpọ̀, ẹ kọ d nínú ẹyọ. Ojú ẹni tó ń kàwé a dá ajá mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ kan, ìbáà jẹ́ mẹ́wàá. Òfin tó dára ni, ó sì wà títí di òní.

Ìbátan òfin yìí ni ó ń pa ọmọ ilé-ìwé lẹ́kún. «Ik loop», mò ń rìn; «hij loopt», ó ń rìn: t ni àmì ẹni kẹta. «Ik word», mò ń di nǹkan. Ẹni kẹta gbọ́dọ̀ gba t tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà «hij wordt», d àti t pa pọ̀. Etí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan láàárín «word» àti «wordt». Ẹni tó bá ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ronú nípa ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ inú gbólóhùn kí ó tó mọ ohun tí yóò kọ. Mínísítà a máa ṣì í, oníròyìn a máa ṣì í. Inú ènìyàn a sì máa dùn láti tọ́ka sí i bí ẹlòmíràn bá ṣì í.

Òfin kejì tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjèèjì gbé kalẹ̀ ni pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìtàn ọ̀rọ̀. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbí. Ènìyàn ni «mensch». Nígbà kan rí ni wọ́n ń pe ohùn tó wà nínú ch yẹn. Ní ọdún 1863, s nìkan ló kù lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n fi ch sílẹ̀ fún ọlá àwọn baba ńlá. «Visch» ni ẹja, «vleesch» ni ẹran, gbogbo wọn pẹ̀lú ch tí ẹnu kì í pè. Igi kan, «boom». Igi púpọ̀, «boomen». Ọba ni «koning». Ohùn o kan náà ni ará Amsterdam ń pè nínú «boomen» àti «koning», ṣùgbọ́n o méjì ni àkọ́kọ́ gbà, ọ̀kan ni èkejì gbà, nítorí pé ohùn méjèèjì yàtọ̀ síra ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn agbègbè kan ní Flándà, etí ṣì ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sí Amsterdam ní láti há a sórí, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan.

Ó tún ku n kan. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ «akọ», tí ó sì wà nípò ẹni tí a ṣe nǹkan sí, «de» tó ṣáájú rẹ̀ ní láti di «den». Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́nu ní Amsterdam. Síbẹ̀ ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé akọ ni àga, kí ó tó lè kọ̀wé pé òun gbé àga. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Faransé mọ ìyà «le» àti «la». Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ ń jẹ ìyà náà nínú èdè ìyá yín.

Ẹni tó sọ ọ́ síta ni R. A. Kollewijn, olùkọ́ ilé-ìwé girama kan ní Amsterdam. Ní ọdún 1891, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí «Àkọtọ́ wa tó ń nini lára». Kì í ṣe pé kò mọ ìtàn èdè, ọ̀mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n kíláàsì ni ó ti ń wo ọ̀rọ̀ náà. Ó béèrè iye wákàtí tí àwọn ọmọ ń lò láti há ohun tí ẹnu wọn kò pè àti ohun tí etí wọn kò gbọ́. Ọmọ olówó tó máa lo ọdún púpọ̀ ní ilé-ìwé lè rí àyè fún un. Ọmọ tálákà tí yóò lọ ṣiṣẹ́ ní kékeré ńkọ́? Ó ní kí «mensch» di «mens», kí «boomen» di «bomen», kí «zoo» (èyíinì ni «báyìí») di «zo», kí «den» lọ sinmi. Ní ọdún 1893, òun àti àwọn alábàárò rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti jà fún un.

Àwọn tó takò ó kì í ṣe òpè. Wọ́n ní èdè yóò dà bí ẹni tí a bọ́ láṣọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ kò ní lè ka ìwé àwọn baba wọn mọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni ẹni tó bá fẹ́ èyí tó rọrùn. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ báyìí rí, kì í sì í ṣe ní Nẹ́dálándì. Ẹni tó ti gun òkè dé orí, òógùn rẹ̀ kò tíì gbẹ; bí a bá ní kí a la ọ̀nà tó rọrùn fún àwọn tó ṣì wà nísàlẹ̀, yóò dà bí ẹni pé òógùn tirẹ̀ ti ṣòfò. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí mo ti gba ti àwọn alátakò wọ̀nyẹn: gbogbo ìgbà tí a bá yí àkọtọ́ padà, àwọn ìwé tó wà nínú ilé a darúgbó ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ọdún 43 ni Kollewijn fi dúró. Ní ọdún 1934, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Henri Marchant, gba èyí tó pọ̀ jù nínú àbá rẹ̀ wọlé fún ilé-ìwé. «Mensch» di «mens», «visch» di «vis», «boomen» di «bomen». Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì ìjọba kò tẹ̀ lé e, Bẹ́líjíọ̀mù náà kò sì tíì fọwọ́ sí i. Fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá, ọmọ ń kọ «mens» ní ilé-ìwé, baba rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba ń kọ «mensch» ní ọ́fíìsì, àwọn méjèèjì sì ń jẹun lórí tábìlì kan. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ọ̀rọ̀ náà tó parí: Bẹ́líjíọ̀mù gbà á ní ọdún 1946, òfin Nẹ́dálándì sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1947.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Kollewijn béèrè ni ó rí gbà. Ó fẹ́ kí ìparí ọ̀rọ̀ «-lijk» di «-lik», nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọn kò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kí ó lọ sí Gúúsù Áfíríkà, níbi tí èdè Afrikaans, ọmọ tí Dọ́ọ̀ṣì bí síbẹ̀, ti gba àkọtọ́ tó rọrùn jù. Ohun tó ṣòro ni «moeilijk» ní Amsterdam. «Moeilik» ni wọ́n ń kọ ní Pretoria. Orúkọ ìdílé náà kò yí padà. Igbó ni «bos» lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí baba rẹ̀ ń jẹ́ Van den Bosch ṣì ń kọ ch rẹ̀, àti n inú «den», láìsí ẹni tó lè bá a wí.

Ní ọdún 1954, orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ tẹ ìwé kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ jọ pẹ̀lú àkọtọ́ wọn. Èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, nítorí náà «Groene Boekje», Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Ewé, ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìwé rere ni, ṣùgbọ́n ó sá fún ìjà kan. Lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá láti inú Faransé àti Látìn, ṣé c ni kí wọ́n máa kọ tàbí k? Ìgbìmọ̀ kò lè fi ẹnu kò. Wọ́n wá fi ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀: èyí tí a yàn láàyò, àti èyí tí a fàyè gbà. «Cultuur» wà, «kultuur» wà. Bí ẹ bá ń fi ẹnu ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún ilé kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé àwọn ènìyàn yóò máa ṣọ́ ẹni tó gba ibi kan wọlé. Láàárín ọdún 1960 sí 1980, k di àmì ẹni tó fẹ́ àyípadà nínú ayé: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olóṣèlú apá òsì ń kọ «kultuur» àti «aktie», àwọn tó fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà ń kọ c. Àwọn kan tilẹ̀ ń kọ «cadeau» ní «kado», gẹ́gẹ́ bí àwa náà ì bá ti kọ ọ́. Ènìyàn lè mọ ẹgbẹ́ ìṣèlú ẹni tó kọ lẹ́tà kí ó tó kà á dé ìparí.

Èyí ni wọ́n fẹ́ parí ní ọdún 1995. Nígbà náà, àwọn méjèèjì ti ní ilé kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn kan ní Brussels, wọ́n sì dá Taalunie sílẹ̀, Àjọ Ìṣọ̀kan Èdè, tí àwọn mínísítà láti ìhà méjèèjì ń darí. Suriname dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2004. Láti ìgbà àdéhùn náà, kò sí ẹni tó lè dá àkọtọ́ ṣe láìbi èkejì. Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Ewé tuntun ti ọdún 1995 pa ẹnu ọ̀nà méjì rẹ́, ó ku ẹyọ kan: «cultuur» nìkan. «Insekt», kòkòrò, di «insect», bẹ́ẹ̀ ni «produkt» di «product». Ṣùgbọ́n «vakantie», ìsinmi, pa k rẹ̀ mọ́. Àwọn ènìyàn ì bá gba ìyẹn. N inú àkàrà agbada ni wọn kò gbà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú èdè yìí, «-en» ni àmì púpọ̀: «pan» agbada kan, «pannen» agbada púpọ̀. Bí wọ́n bá so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, òfin àtijọ́ ń bi òǹkọ̀wé léèrè pé: ṣé ẹyọ kan ni ò ń rò, tàbí púpọ̀? Agbada kan tó fún àkàrà kan, nítorí náà kò sí n. Ṣùgbọ́n èrò inú kò ṣeé fi ìwọ̀n wọ̀n, àríyànjiyàn kò sì tán. Òfin tuntun ní kí wọ́n má ro nǹkan kan mọ́: bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bá ń gba «-en» nìkan fún púpọ̀, ẹ kọ n. Ó dára. Àmọ́ wọ́n tún fi àyàfi kún un. Ìtànṣán oòrùn ni «zonneschijn», kò gba n, nítorí oòrùn kan ṣoṣo ló wà. Ọjọ́ Ayaba, «Koninginnedag», kò gba n, nítorí ayaba kan ṣoṣo ló wà lórí ìtẹ́. (Ní ọdún 2013, ọba ọkùnrin jẹ, ọjọ́ náà di «Koningsdag», ìjà tirẹ̀ sì parí fúnra rẹ̀.) Èyí tó pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín jù ni òdòdó kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òdòdó ẹṣin. Ìrù ẹṣin, «paardenstaart», gba n. Òdòdó ẹṣin, «paardebloem», kò gbà á, nítorí pé orúkọ ẹranko pàdé orúkọ ewéko níbẹ̀. Ní ọdún 2005, nígbà tí ìwé náà tún jáde, wọ́n mú àyàfi yìí kúrò, ó di «paardenbloem». Ọmọ tó kọ́ ọ láìsí n ní ọdún 1996 ní láti tún un kọ́ pẹ̀lú n ní ọdún 2006.

Ibẹ̀ ni sùúrù àwọn oníròyìn pin. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, àwọn ìwé ìròyìn ńlá ní Nẹ́dálándì, de Volkskrant, Trouw àti NRC Handelsblad láàárín wọn, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ìròyìn NOS, kéde pé àwọn kò ní tẹ̀ lé àtúnṣe náà. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ Onze Taal, tó jẹ́ ti àwọn olùfẹ́ èdè, tẹ ìwé mìíràn jáde fún wọn: «Witte Boekje», Ìwé Kékeré Funfun, tó fi àyè sílẹ̀ fún òǹkọ̀wé láti yan n tàbí kí ó fi í sílẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Flándà kò bá wọn lọ. Ti aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ti jà pẹ́ kí èdè rẹ̀ tó ní òfin kì í tètè da òfin náà nù.

Ṣé wọ́n mú àwọn oníròyìn náà? Rárá. Òfin Nẹ́dálándì sọ pé àkọtọ́ náà di dandan fún ọ́fíìsì ìjọba, fún ilé-ìwé tí owó ìlú ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, àti fún ìdánwò. Ará ìlú lè kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ bó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí òfin mú dáadáa: akọ̀wé ìjọba, olùkọ́, àti ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ilé-ìwé nìkan ni kò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀.

Ní kíláàsì àgbà kan tí mo bẹ̀ wò, ìyá kan kọ «aiye» sójú pátákó. Olùkọ́ fi ìlà pupa pa á, ó kọ «ayé» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá náà wò ó títí. Ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ wa, báyìí ló wà nínú ìwé orin ọkọ mi. Ṣé ìwé orin ló ṣì í kọ ni?» Olùkọ́ kò mọ ohun tí yóò sọ. Ìwé orin kò ṣì í kọ. Kí ìjọba Nàìjíríà tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní ọdún 1974, «aiye», «enia», «nwọn» àti «yio» ni àwọn ìwé ń tẹ̀. Ní ìhà tiwa, ní ọdún 1975, ìjọba gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, pẹ̀lú ɛ àti ɔ. Ẹni tó kọ́ ɛ ní Kétu yóò bá ẹ pàdé nínú ìwé tó ti Ìbàdàn wá. Ohùn kan náà ni, ó kàn wọ aṣọ méjì. Ìbéèrè ìyá náà tọ́, ó sì yẹ kí olùkọ́ kíláàsì àgbà kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu kí ó tó mú pẹ́ńsù pupa.

Mo fẹ́ padà sórí ìwé atúmọ̀ èdè tí de Vries bẹ̀rẹ̀. Ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1864. Te Winkel kú ní ọdún 1868, de Vries ní ọdún 1892. Àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbà á, àwọn ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ wọn tún gbà á. Ogun àgbáyé méjì kọjá lórí rẹ̀. Marchant dé, ó lọ. Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Ewé jáde, ó tún jáde. Àwọn tó ń ṣe ìwé náà rí i pé bí wọ́n bá yí àkọtọ́ padà láàárín iṣẹ́, apá kan ìwé kan náà kò ní bá apá kejì mu mọ́, nítorí náà wọ́n di ti ọdún 1863 mú fún orí ọ̀rọ̀ gbogbo. Ọdún 1998 ni wọ́n parí rẹ̀, ìdìpọ̀ 40. Ọmọ ilé-ìwé tó bá lọ wá «vis», ẹja, nínú rẹ̀ lónìí, abẹ́ «visch» ni yóò ti bá a.